Igbó àti Afẹ́fẹ́: Ohun tí Wọ́n ń Gbà àti Ohun tí Wọ́n ń San Padà



Bí obìnrin ilé bá dáná, tí ó ki ìtì igi ńlá mẹ́ta bọ ìdí ààrò, kí oúnjẹ tó jinná igi náà ti tán, eérú tí ó sì kù kò ju ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀ lọ. Ẹrù igi tí a fi orí rù títí ọrùn fi ń ro wá, ọmọ kékeré lè gbá ohun tí ó kù nínú rẹ̀ dànù. Ó yẹ kí a béèrè pé, níbo ni ìyókù lọ? Olúkúlùkù yóò dáhùn pé ó bá èéfín lọ sínú afẹ́fẹ́. Ìdáhùn náà tọ́, ṣùgbọ́n ó bí ìbéèrè mìíràn tí ó le ju ti ìṣáájú lọ: bí igi bá ń bá afẹ́fẹ́ lọ nígbà tí a bá sun ún, níbo ni ó ti rí ara rẹ̀ nígbà tí ó ń dàgbà?

Lórí ìbéèrè méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. A ó fi hàn pé láti inú afẹ́fẹ́ ni igi ti ń gba èyí tí ó pọ̀ nínú ara rẹ̀, àti pé inú afẹ́fẹ́ kan náà ni ó ń dá a padà sí. A ó sì fi hàn pé ní àkókò tiwa yìí, igbó àti àbàtà ayé ti di onígbọ̀wọ́ fún gbèsè kan tí kì í ṣe àwọn ni wọ́n jẹ ẹ́. Ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tí ó ń dáko, tí ó ń dáná, tàbí tí ó ń wọ ọkọ̀, mọ bí ọ̀ràn náà ti rí.

I. BÍ A TI ṢE MỌ̀ PÉ AFẸ́FẸ́ NI IGI Ń JẸ

Ní ayé àtijọ́, àwọn amòye ilẹ̀ Yúróòpù gbà pé ilẹ̀ ni igi ń jẹ, gẹ́gẹ́ bí ewúrẹ́ ti ń jẹ koríko. Oníṣègùn kan, Jan Baptist van Helmont, ará ilẹ̀ tí à ń pè ní Bẹ́ljíọ̀mù lónìí, kò gba èyí láìwádìí. Ó yan ilẹ̀ gbẹ nínú ààrò, ó wọn pọ́n-ùn 200 nínú rẹ̀ sínú ìkòkò ńlá kan, ó sì gbin ọ̀dọ́ igi willow tí ó wọn pọ́n-ùn 5 sí i. Omi nìkan ni ó ń bu sí i fún ọdún 5, ó sì bo ẹnu ìkòkò náà kí eruku má bàa kún un. Nígbà tí ó tún gbé wọn ka orí òṣùwọ̀n, igi náà ti di pọ́n-ùn 169 àti díẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ inú ìkòkò kò dín ju nǹkan bí áúnsì 2 lọ. A tẹ ìròyìn ìdánwò yìí jáde ní 1648, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó parí èrò rẹ̀ sí pé omi nìkan ni ó di igi. Apá kan òtítọ́ ni ó rí, nítorí kò ronú kan afẹ́fẹ́ tí ó yí ewé igi náà ká.

Ẹni tí ó ṣí ìlẹ̀kùn náà díẹ̀ sí i ni Joseph Priestley, oníwàásù kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó mọ̀ pé bí a bá da ìgò bo àbẹ́là tí ń jó, iná náà yóò kú láìpẹ́, àti pé bí a bá fi eku sínú afẹ́fẹ́ tí àbẹ́là ti bàjẹ́ bẹ́ẹ̀, eku náà kì yóò yè. Ní 1771 ó fi ẹ̀ka ewé mint, tí í ṣe ìyekan efinrin wa, sínú irú afẹ́fẹ́ tí ó ti bàjẹ́ yìí. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ó rí i pé àbẹ́là tún lè jó nínú rẹ̀. Ewé ti tún afẹ́fẹ́ náà ṣe. Ní 1779 Jan Ingenhousz, oníṣègùn ará Họ́láńdì, fi hàn pé apá tí ó tutù yọ̀yọ̀ lára ewéko nìkan ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí, nínú ìmọ́lẹ̀ nìkan sì ni. Lóru, ewéko náà a máa ba afẹ́fẹ́ jẹ́ díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dá yòókù. Ní 1782 Jean Senebier, àlùfáà ìjọ kan ní ìlú Geneva, fi hàn pé ewé kò lè tún afẹ́fẹ́ ṣe bí kò bá rí afẹ́fẹ́ bíbàjẹ́ náà gbà. Ní 1804 ọmọ ìlú rẹ̀, Nicolas-Théodore de Saussure, fi òṣùwọ̀n parí ọ̀ràn náà: afẹ́fẹ́ yìí àti omi ni ewéko ń pa pọ̀ di ara rẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀nba iyọ̀ díẹ̀ láti inú ilẹ̀.

Kí ni afẹ́fẹ́ náà gan-an? Ohun dúdú tí ó wà nínú èédú ni àwọn onímọ̀ ń pè ní kábọ́nù. Bí kábọ́nù bá jó dáadáa, ó ń so pọ̀ mọ́ ọ́síjìn, èyí tí à ń mí sínú, wọ́n sì di afẹ́fẹ́ mìíràn tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn. Carbon dioxide ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀. Ṣùgbọ́n nínú àlàyé wa yìí a ó máa pè é ní afẹ́fẹ́ èédú. Ẹ má ṣe ṣì í mú fún afẹ́fẹ́ olóró tí í pa ẹni tí ó bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú iná èédú. Èyíinì jẹ́ àbúrò rẹ̀, tí í wá nígbà tí iná kò bá rí afẹ́fẹ́ tó. Afẹ́fẹ́ èédú tí à ń wí yìí ni gbogbo wa ń mí jáde ní wákàtí gbogbo.

Lára ewé ni ihò wẹ́wẹ́ wà, tí ojú lásán kò lè rí. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ èédú ń gbà wọlé. Omi ń gòkè bọ̀ láti gbòǹgbò, ìmọ́lẹ̀ oòrùn sì ń fún ewé ní agbára láti pa afẹ́fẹ́ náà àti omi pọ̀. Ewé a mú kábọ́nù, a fi ṣe àádùn inú rẹ̀, a sì tú ọ́síjìn sílẹ̀ fún wa. Láti inú àádùn yìí ni igi ti ń ṣe èèpo, ẹ̀ka, èso àti gbòǹgbò. Nítorí náà bí igi gbígbẹ bá wọn tọ́ọ̀nù 2, nǹkan bí tọ́ọ̀nù 1 nínú rẹ̀ jẹ́ kábọ́nù tí ó ti wà nínú afẹ́fẹ́ rí. Ìrókò tí ó ga fíofío náà, afẹ́fẹ́ tí ó dúró ṣinṣin ni.

II. BÍ IGBÓ TI Ń SAN Á PADÀ

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé igbó jẹ́ ahun tí ń gbà tí kì í fúnni. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó fi ń dá afẹ́fẹ́ èédú padà.

Èkíní, igi fúnra rẹ̀ ń mí, ní ọ̀sán àti ní òru. Nǹkan bí ìdajì ohun tí ewé gbà ni ewéko ń mí jáde padà, nítorí agbára tí ó ń lò láti fi dàgbà àti láti fi gbé omi kiri.

Èkejì ni jíjẹrà. Ewé a máa wọ́, ẹ̀ka a máa dá, igi ńlá a máa wó. Ikán, ekòló, olú, àti àwọn ẹ̀dá tín-ín-tín tí ojú kò lè rí, yóò pé lé wọn lórí, wọn yóò jẹ wọ́n, wọn yóò sì mí kábọ́nù inú wọn jáde. Ẹni tí ó bá ti fi ọkọ́ tú ààtàn rí mọ̀ pé inú rẹ̀ gbóná. Ooru náà jẹ́ ẹ̀rí pé àwọn ẹ̀dá náà wà lẹ́nu iṣẹ́. Iná ni, ṣùgbọ́n iná tí kò ní ọwọ́.

Ẹ̀kẹta ni iná gidi, tí ó lè ṣe ní wákàtí kan ohun tí jíjẹrà ń fi ọdún púpọ̀ ṣe.

Síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ń padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Díẹ̀ a máa kù sínú ilẹ̀, ìyẹn ni ó sì ń sọ ilẹ̀ di ilẹ̀dú. Àgbẹ̀ wa kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ òun ní ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ilẹ̀ igbó tí ó ti sinmi pẹ́ àti ilẹ̀ tí a ti ro títí tí ó fi ṣá. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó lè má tíì gbọ́ ni pé kábọ́nù tí ó wà nínú ilẹ̀ gbogbo ayé ju ti gbogbo ewéko àti ti afẹ́fẹ́ pọ̀ lọ. Ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ yìí ni àká tí ó tóbi jù.

III. BÍ AYÉ TI Ń MÍ

Bí gbígbà àti sísan padà bá ń lọ báyìí ní gbogbo igbó ayé, ó yẹ kí a lè rí àmì rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Charles David Keeling, ni ó kọ́kọ́ rí i kedere. Ní oṣù kẹta ọdún 1958 ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀rọ wọn afẹ́fẹ́ ní òkè Mauna Loa, ní erékùṣù Hawaii, láàárín òkun Pàsífíìkì. Ibi tí ẹ̀rọ náà wà ga ju ẹsẹ̀ bàtà 11,000 lọ. Ó yan ibẹ̀ nítorí pé ó jìnnà sí èéfín ìlú ńlá, afẹ́fẹ́ tí ó sì dé ibẹ̀ ti kọjá lórí òkun lọ jìnnà títí ó fi pò pọ̀.

Nínú mílíọ̀nù kan ìpín afẹ́fẹ́, ó rí i pé nǹkan bí 313 péré ni afẹ́fẹ́ èédú. Lẹ́yìn èyí ni iye náà bẹ̀rẹ̀ sí yí padà. Ó gòkè títí di oṣù karùn-ún, ó wá ń wálẹ̀ títí di oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, ó sì tún gòkè. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, àti ní gbogbo ọdún láti ìgbà náà. Ìdí rẹ̀ ni pé apá àríwá ayé ni ilẹ̀ pọ̀ sí. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn wọn bá dé lẹ́yìn òtútù, igbó ńláńlá Yúróòpù, Rọ́ṣíà, Amẹ́ríkà àti Kánádà a yọ ewé, wọn a sì fa afẹ́fẹ́ èédú sínú. Nígbà tí ewé bá wọ́ tí òtútù sì dé, jíjẹrà a borí, afẹ́fẹ́ èédú a sì padà jáde. Gbogbo ayé ń mí bí ẹ̀dá kan ṣoṣo, èémí kan lọ́dún.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà fi ohun kejì hàn, èyí tí kò múni láyọ̀. Ní ọdọọdún, iye tí èémí náà ń wálẹ̀ dé kì í rẹlẹ̀ tó ti ọdún tí ó kọjá. Ní 2013, iye ọjọ́ kan kọjá 400 fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Mauna Loa. Ní 2023, ìṣirò gbogbo ọdún náà ti ju 420 lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Àwọn onímọ̀ sì tún gbẹ́ yìnyín àtijọ́ ní ilẹ̀ Antarctica, níbi tí afẹ́fẹ́ ayé ìgbàanì há mọ́ bí èéfófó wẹ́wẹ́. Wọ́n rí i pé láti 800,000 ọdún sẹ́yìn títí di ìgbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ dé, iye náà kò kọjá 300 rárá. Nǹkan bí 280 ni ó wà ní ọdún 1750.

Kí ni ó burú nínú rẹ̀? Láti 1859 ni John Tyndall ti fi ẹ̀rọ hàn ní Lọ́ńdọ̀nù pé afẹ́fẹ́ èédú ń dá ooru dúró. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń kọjá nínú rẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n ooru tí ilẹ̀ ń tú jáde kò rí ọ̀nà kọjá bẹ́ẹ̀. Ó dà bí aṣọ ìbora. Bí kò bá sí i rárá, ayé ìbá dì gbagidi. Bí ó bá sì nípọn jù, ẹni tí ó bò ó yóò là àágùn.

IV. GBÈSÈ ÀTI ONÍGBỌ̀WỌ́

Ta ni ó ń fi kún un? Èédú ilẹ̀ àti epo rọ̀bì jẹ́ ara ewéko àti ẹ̀dá omi tí ó ti kú láti àìmọye mílíọ̀nù ọdún, tí ilẹ̀ bò mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó jẹrà tán. Àwa ni a hú wọn jáde, tí a sì ń sun wọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ẹ̀rí, inú igi ni ẹ̀rí náà wà. Nínú kábọ́nù ohun alààyè, irú kan wà tí ó ń ṣá lọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ikú ohun náà. Nínú èédú ilẹ̀ tí ó ti pẹ́ bẹ́ẹ̀, kò kù rárá. Ní 1955 Hans Suess fi hàn pé igi tí ó dàgbà ní àkókò tí ó sún mọ́ wa ní irú kábọ́nù yìí kéré ju igi ìgbà àtijọ́ lọ, nítorí pé èéfín èédú ilẹ̀ ti là mọ́ afẹ́fẹ́ tí igi náà jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀ bí oníṣòwò. Ní àkókò tiwa yìí, èédú ilẹ̀, epo àti gáàsì tí à ń sun ń tú nǹkan bí bílíọ̀nù 10 tọ́ọ̀nù kábọ́nù sínú afẹ́fẹ́ lọ́dọọdún. Igbó tí a ń pa run ń fi nǹkan bí bílíọ̀nù 1 kún un. Bí gbogbo rẹ̀ bá dúró sínú afẹ́fẹ́, ìṣòro wa ìbá ti tó ìlọ́po méjì èyí tí a rí yìí. Ṣùgbọ́n kò dúró tán. Òkun ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Igbó, koríko àti ilẹ̀ ń gba ìdá tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ìyókù, tí kò tó ìdajì dáadáa, ni ó ń kù sókè.

Nítorí náà ni a ṣe pè wọ́n ní onígbọ̀wọ́. Ẹ mọ ohun tí onígbọ̀wọ́ í ṣe: nígbà tí ẹni tí ó jẹ gbèsè kò bá rí i san, òun ni ó ń san án. Ẹni tí ó jẹ gbèsè lè máa jó kiri ìlú, kí ó máa rò pé kò sí nǹkan. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọwọ́ onígbọ̀wọ́ bá kùnà, ológò yóò wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè fúnra rẹ̀.

Ẹ sì kíyè sí bí èrè tí igbó fi ń san gbèsè yìí ti kéré tó. Ewéko orí ilẹ̀ ń fa kábọ́nù tí ó ju bílíọ̀nù 100 tọ́ọ̀nù lọ lọ́dọọdún, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ ni mímí, jíjẹrà àti iná ń dá padà. Nǹkan bí bílíọ̀nù 3 péré ni ó ń kù ní ọwọ́ ilẹ̀. Oníṣòwò tí ó ń ta ọgọ́rùn-ún tí ó sì ń jèrè mẹ́ta kò gbọdọ̀ ṣe àṣìṣe kékeré, kí èrè má bàa di àdánù. Bí ooru bá mú kí ilẹ̀ yára mí díẹ̀ sí i, tàbí bí ọ̀dá bá mú kí ewé pa ihò ara rẹ̀ dé kí omi má bàa tán nínú rẹ̀, èrè náà lè lọ.

V. ǸJẸ́ Ó TI Ń RẸ ONÍGBỌ̀WỌ́ NÁÀ?

Kí a lè mọ èyí, àwọn onímọ̀ ń gbé òpó irin gíga dúró láàárín igbó, kí orí rẹ̀ yọ ju ti igi lọ. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ kọ́ sí orí rẹ̀, tí ó ń wọn bí atẹ́gùn ti ń gòkè àti bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀, àti iye afẹ́fẹ́ èédú tí ó gbé dání, ní ìgbà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí èyí tí ń sọ̀ kalẹ̀ bá pọ̀ ju èyí tí ń gòkè lọ, igbó ń gbà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó ń san. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú òpó bẹ́ẹ̀ ni ó ti wà káàkiri ayé, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó wà ní Áfíríkà. Àwọn mìíràn ń fi okùn wọn ìdí igi kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń padà wá wọ̀n wọ́n lẹ́yìn ọdún púpọ̀.

Ní 2020 àwọn tí ó ń wọn igi bẹ́ẹ̀, tí Wannes Hubau ṣáájú wọn, kéde ohun tí wọ́n rí nínú 244 ibi ìwọ̀n ní igbó ilẹ̀ Áfíríkà àti 321 ní igbó Amásónì. Igbó Áfíríkà tí a kò fọwọ́ kàn ń gbà láìdínkù fún ọgbọ̀n ọdún títí di 2015. Ṣùgbọ́n ti Amásónì ti ń dínkù tipẹ́. Ní 2021 Luciana Gatti, ará Bràsíìlì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìròyìn mìíràn jáde. Láti 2010 sí 2018 ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ òfurufú gba afẹ́fẹ́ sínú ìgò lókè igbó Amásónì. Wọ́n rí i pé ní apá ìlà-oòrùn gúúsù rẹ̀, níbi tí a ti gé igbó púpọ̀ tí ẹ̀ẹ̀rùn sì ti le sí i, igbó náà ń tú jáde ju ohun tí ó ń gbà lọ. Onígbọ̀wọ́ ibẹ̀ ti di onígbèsè.

VI. ÀBÀTÀ MÉJÌ

Ẹ jẹ́ kí a fi ibi méjì ṣe àpẹẹrẹ, ọ̀kan tí ó wà ní ìpamọ́ àti ọ̀kan tí a bàjẹ́.

Ní àárín gbùngbùn adágún ilẹ̀ odò Kóńgò, igbó àbàtà ńlá kan wà tí a ń pè ní Cuvette Centrale, tí ó tẹ́ wọ orílẹ̀-èdè Kóńgò méjèèjì. Ewé àti igi tí ó bá wó sínú omi níbẹ̀ kì í jẹrà tán, nítorí omi kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ń dì lé ara wọn lórí, wọ́n sì di ẹrẹ̀ dúdú tí ó jẹ́ kìkì ewéko. Láti 2012 ni Greta Dargie, Simon Lewis, àti Suspense Ifo, olùkọ́ ní yunifásítì Marien Ngouabi ní Brazzaville, pẹ̀lú àwọn ará abúlé tí ó mọ ọ̀nà, ti ń wọ́ inú omi lọ láti fi ọ̀pá wọn ìjìn rẹ̀. Ní 2017 wọ́n kéde pé ẹrẹ̀ náà tẹ́ dé 145,500 kìlómítà níbùú lóròó, pé ó jìn dé nǹkan bí mítà 6 ní ibòmíràn, àti pé ó ń pa nǹkan bí bílíọ̀nù 30 tọ́ọ̀nù kábọ́nù mọ́. Iye yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí gbogbo ayé ń tú jáde láti inú èédú ilẹ̀ àti epo ní ọdún mẹ́ta. Ó ti lé ní 10,000 ọdún tí àbàtà náà ti ń kó o jọ.

Ṣùgbọ́n ní 2022 a tẹ ìròyìn kan jáde tí ó yẹ kí ó mú wa ronú. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹrẹ̀ náà wò ní ìpele-ìpele, wọ́n rí i pé apá kan sọnù nínú ìtàn rẹ̀. Láàárín nǹkan bí 7,500 ọdún sí 2,000 ọdún sẹ́yìn, òjò dínkù ní Kóńgò, omi àbàtà fà, afẹ́fẹ́ wọlé, ohun tí ó ti wà ní ìpamọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ sì jẹrà jáde. Lẹ́yìn náà ni òjò padà, àbàtà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí kó jọ. Àká náà ti ṣí rí nígbà kan, láìsí ọwọ́ ènìyàn níbẹ̀. Ó lè tún ṣí.

Ibi kejì wà ní Kalimantan, apá tí ó jẹ́ ti Indonesia nínú erékùṣù Borneo. Ní àárín àwọn ọdún 1990, ìjọba ibẹ̀ pinnu láti sọ nǹkan bí mílíọ̀nù 1 hẹ́kítà àbàtà di oko ìrẹsì. Wọ́n gbẹ́ ipa omi tí gígùn gbogbo rẹ̀ ju 4,000 kìlómítà lọ, omi sì fà kúrò nínú ẹrẹ̀. Ní 1997 ọ̀dá líle dé, iná sì mú. Ẹrẹ̀ gbígbẹ náà ń jó nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Èéfín bo ìlú àwọn aládùúgbò ní Malaysia àti Singapore. Susan Page àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò pé kábọ́nù tí iná ọdún náà tú jáde ní Indonesia wà láàárín bílíọ̀nù 0.81 àti bílíọ̀nù 2.57 tọ́ọ̀nù, èyí tí ó tó ìdá 13 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí gbogbo ayé tú jáde láti inú èédú ilẹ̀ àti epo ní ọdún náà. Ìrẹsì tí wọ́n ń retí kò sì so bí wọ́n ti rò. Ìjọba pa iṣẹ́ náà tì. Ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àwọn tí àbàtà Kóńgò wà ní ìkáwọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ yìí níwájú wọn kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọkọ́ lé e.

VII. OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A MỌ̀

Àwọn kan yóò sọ pé: bí ọ̀ràn bá rí báyìí, ẹ jẹ́ kí a gbin igi púpọ̀, kí a sì máa sun epo wa lọ. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n kò tó. Gbígbin igi dára, ọ̀dọ́ igi sì ń yára gbà. Ṣùgbọ́n igi a máa kú, a máa jó, a máa wó, ohun tí ó gbà a sì padà. Kábọ́nù èédú ilẹ̀ ti wà lábẹ́ àpáta láìsí ẹni tí ó yọ ọ́ lẹ́nu. Nígbà tí a bá hú u jáde tí a sì fi sí ọwọ́ igi, a mú un kúrò nínú àpótí irin, a fi í sínú agbọ̀n. Bákan náà, igbó ẹgàn tí ó ti dúró fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kì í ṣe ohun tí a lè gé lónìí kí a sì fi oko igi tuntun rọ́pò rẹ̀ lọ́la. Ọmọ wa àti ọmọ ọmọ wa yóò ti dàgbà kí èyí tí a gbìn tó kó jọ tó ohun tí a gé.

Nítorí náà ohun àkọ́kọ́ ni pé kí a dín gbèsè kù níbi tí a ti ń jẹ ẹ́, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó jẹ èyí tí ó pọ̀ jù ni ó sì yẹ kí wọ́n ṣíwájú. Ohun kejì ni pé kí a má ṣe pa onígbọ̀wọ́ lára. Èyí kàn wá ní ilẹ̀ wa pẹ̀lú. Igbó Ọmọ, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, wà lára àwọn ibi tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1977 gẹ́gẹ́ bí ibi tí ó yẹ kí a dá sí. Síbẹ̀ ayùn àwọn agégi àti oko kòkó ti jẹ wọ inú rẹ̀ lọ. Iná tí à ń fi sí ìgbẹ́ nígbà ọyẹ́, àti igi tí à ń sun ní èédú láti tà fún ìlú ńlá, wọ́n wà nínú ìṣirò kan náà. Kì í ṣe pé kí ìyá má dáná, tàbí kí àgbẹ̀ má ro oko. Ṣùgbọ́n kí a mọ iye tí à ń ná, kí a dá ilẹ̀ dúró kí ó sinmi, kí a sì gbin òmíràn síbi tí a ti gé ọ̀kan.

Afẹ́fẹ́ kò ní ààlà ìlú. Èéfín tí a tú jáde ní ilẹ̀ òkèèrè, ewé igi ẹ̀yìnkùlé wa lè gbà á. Èyí tí a tú jáde níhìn-ín, òkè Mauna Loa yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá da eérú ni eérú ń tọ̀, wọ́n máa ń wí bẹ́ẹ̀; ṣùgbọ́n eérú èyí ń tọ ẹni tí kò dà á pẹ̀lú, ìdí nìyí tí kò fi sí ẹni tí ó lè sọ pé ọ̀ràn náà kò kan òun. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Àwọn tí ó ń wọn afẹ́fẹ́ ti bá wa wò ó láti òkèèrè láti 1958. Ìwé ìṣirò náà wà ní ṣíṣí níwájú gbogbo ayé, ìlà kan ni ó sì ń fi kún ara rẹ̀ lójoojúmọ́.